Ilé Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Sọ Di Ilé Imọlẹ̀

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ gbé e mì mọ́. Mo fẹ́ rò fún yín bí àwọn kan ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan láìfi àmì sí i, tí àdúgbò wa fi kẹ̀yìn sí màmá mi. Ẹ ò ṣì mí gbọ́ o! Àmì ohùn ni mo ní, àwọn ìlà kéékèèké tí a máa ń fi sórí lẹ́tà!

Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń kọ́, mo sì ti dé ọdún tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé stúdíò ni gbogbo ayé wa. Ibẹ̀ la ti ń ya àwòrán, ibẹ̀ la ti ń gé páálí, ibẹ̀ náà la ti ń bá ara wa jà. Ní sáà yìí, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní stúdíò ní òun ò fẹ́ àwòrán lásán mọ́. Ó ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ nǹkan gidi, kó kéré, àmọ́ kí èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ rí ni bí a ṣe lo ìmọ́lẹ̀, ohun tí a fi kọ́ ọ, àti bí àwọn èèyàn ṣe máa jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

(Ẹ máa gbọ́ tí mò ń pe ọ̀gá yìí ní "ó" dípò "wọ́n". Wọ́n kọ́ mi nílé dáadáa. Ìbínú ni.)

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn! Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́. Ní Ìdó-Ilé, níbi tí màmá mi ń gbé, àwọn obìnrin àdúgbò wa máa ń ṣe àáró ẹ̀gẹ́, ìyẹn pákí. Tí ẹ̀gẹ́ tìẹ bá ti oko dé, gbogbo wọn á mú ọ̀bẹ wá bá ẹ bó o. Tó bá di ọjọ́ ẹlòmíì, ìwọ náà á mú ọ̀bẹ ẹ lọ. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìjì wá wó igi náà. Láti ìgbà yẹn, inú oòrùn ni wọ́n ń jókòó, tí òjò bá sì ṣú, kálukú á gbé bàsíà sórí, á sáré gba ilé lọ.

Mo ya àwòrán tèmi. Òrùlé tó fẹ̀, tó nà síta kí òjò má baà fẹ́ wọlé. Ògiri amọ̀ tí kò ga ju ìbàdí lọ, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè gba ọ̀tún gba òsì. Obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń kọjá lójú títì kó lè kí i. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá kiri?

Gúrúùpù wa fara mọ́ ọn. Màmá mi ló lọ bá wa tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ẹbí, wọ́n ní ọmọ àwọn ló fẹ́ fi kọ́ṣẹ́, pé àwọn dúró fún un. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀ kan nítòsí ilé wa, lójú títì gan-an, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: orúkọ màmá mi ni wọ́n fi gba ilẹ̀ yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú rè é. A gbé àwòrán lọ bá Ọ̀gá. Ó wò ó, ó yínmú, ó ní ṣọ́ọ̀bù ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ní tí ìmọ́lẹ̀ bá wà níbi gbogbo, kò sẹ́ni tó máa rí i, àfi kí òkùnkùn kọ́kọ́ wà. Ló bá mú gègé, ó gbé ògiri mi dé òrùlé. Ó jẹ́ kó rí róbótó. Ó dín ẹnu ọ̀nà kù títí ó fi kù bíńtín. Ó wá dá ihò kan sí àárín òrùlé, ó ní ibẹ̀ nìkan ni kí oòrùn ti máa wọlé, kó máa bọ́ sórí pèpéle amọ̀ róbótó kan tí a máa mọ sí àárín ilé.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó rẹwà. Èmi tí mo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ láti kékeré, tí mo máa ń jókòó sí ilé ìdáná màmá mi àgbà láti máa wo bí oòrùn ṣe ń gba inú èéfín wọlé, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bó ẹ̀gẹ́ nínú òkùnkùn? Mo bi í léèrè. Mo ní àwọn obìnrin yìí ní láti máa rí ìta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èrò ará oko ni mò ń rò, pé kí n jẹ́ kí ẹ̀kọ́ mi hàn. Tọ́lá, olórí gúrúùpù wa, ń mi orí bí aláǹgbá. Ọmọ Èkó ni Tọ́lá, ẹnu rẹ̀ dùn, ohun tí Ọ̀gá bá ti sọ ló máa ń di òtítọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe borí mi nìyẹn. Kí n sáà gba máàkì mi kí n máa lọ, àbí kí ni kí n ṣe?

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A wa amọ̀ pupa lẹ́yìn ìlú, a ra ọparun lápá Ẹ̀fọ̀n, a gún amọ̀ títí apá wa fi wú. Àwọn obìnrin àáró ń pọn omi fún wa. Màmá mi ń gúnyán fún wa, wọ́n ń bẹ Tọ́lá kó fi kún un. Ẹ wo ìnáwónára tí àwọn èèyàn yìí ṣe!

Nígbà tí a mọ pèpéle àárín tán, a rí i pé òjò á máa gba ihò òrùlé rọ̀ sí i, á sì yọ ọ́. Ni a bá fi epo pupa pa á, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi pa amọ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú epo. Epo lásán ni lójú mi.

Ọ̀rọ̀ wá kan orúkọ. Tọ́lá ní ó yẹ kí a fún ilé náà lórúkọ Yorùbá, torí àwọn tó ń bọ̀ wá dá iṣẹ́ wa lẹ́jọ́ láti ìlú òkèèrè fẹ́ràn irú ẹ̀. Ó ní "Ilé Ìmọ́lẹ̀". Orúkọ náà dára, mo gbà. Wọ́n ní àwọn máa gé lẹ́tà ńláńlá lára páànù, kí àwọn kàn án mọ́ orí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní ó dáa, àmọ́ ẹ fi àmì sí i o.

Tọ́lá ní àmì kẹ̀? Ó ní á bà á jẹ́, á dà bí ìgbà tí eṣinṣin ṣu sí i lórí. Ọ̀gá ní ta ni kò mọ ìmọ́lẹ̀, ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ ni èyí tó ń tàn. Imọlẹ̀ ni òrìṣà. Umọlẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pè é, wọ́n sì ṣì ń bọ ọ́ ní àwọn ilé kan títí di òní. Ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ ni ulé umọlẹ̀. Tí o bá wá kọ ILE IMOLE gàdàgbà láìsí àmì, ní ìlú Èkìtì, lójú títì ṣọ́ọ̀ṣì, kí lo rò pé wọ́n máa kà?

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, mo tún sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Tọ́lá ní kí n yéé dẹ́rù ba ara mi, pé ẹni tó bá wọ inú ilé náà máa mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ la ní lọ́kàn.

Mo ní láti padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti lọ tẹ àwọn àwòrán wa síta. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n kan lẹ́tà yẹn mọ́ ọn. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Ọ̀gá pè wọ́n lórí fóònù, ó ní ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti pọ̀ jù, kí wọ́n wá nǹkan fi sẹ́ ẹ. Ṣé ẹ mọ ohun tí Tọ́lá lọ gé wá?

Màrìwò! Màrìwò ọ̀pẹ tútù yọ̀yọ̀, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà láti òkè délẹ̀!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Ilé róbótó, inú ẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹnu ọ̀nà tóóró, màrìwò ń fì níbẹ̀. Pèpéle amọ̀ wà láàárín, epo pupa ń dán lórí ẹ̀. Lókè, ILE IMOLE. Tí ẹ̀yin bá ń kọjá lọ sí ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí lẹ máa pè é?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ni màmá mi pè mí. Màmá mi kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún. Ohùn wọn kàn gbẹ ni. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, kí lẹ kọ́ síbẹ̀ yẹn? Wọ́n ní ulé umọlẹ̀ ni mo gba ulẹ̀ fún."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń jókòó ti àwọn lórí bẹ́ńṣì dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, pè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dun àwọn, pé kí màmá mi ṣì bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná títí àwọn fi máa gbàdúrà sí i. Màmá mi ní àwọn sọ pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Màmá mi tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kí wọ́n tó bí mi!

Ọjọ́ kejì ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ àáró ti màmá mi. Ẹ̀gẹ́ wọn ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òun ni wọ́n máa fi ṣe gaàrí tí wọ́n ń tà lọ́jà Òkèmẹ̀sí, òun náà ni wọ́n fi ń rán èmi àti àbúrò mi nílé ìwé. Ẹ sì mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe rí: tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, inú ẹ̀ á máa dúdú, kò ní wúlò mọ́.

Mo wọ ọkọ̀ dé Àrámọ̀kọ, mo wọ òmíràn, oòrùn ti ga nígbà tí mo dé ilé. Màmá mi nìkan ni mo bá. Wọ́n jókòó lórí àpótí, òkìtì ẹ̀gẹ́ ga jù wọ́n lọ, wọ́n ń bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí obìnrin kankan tó wá. Kò sí o! Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, mo gé ẹ̀gẹ́ kan sí méjì, ìlà dúdú ti ń gba àárín ẹ̀ lọ, mo sì rí i pé màmá mi rí i, wọ́n sì gbójú kúrò.

Mi ò lè jókòó mọ́. Mo lọ sílé Màmá Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, ẹni tí àwa ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé tirẹ̀ àti tiwa. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn ò bá màmá mi jà o, ọkọ àwọn ló ní kí àwọn ṣì fara sílẹ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé! Ẹni tó fọ ìdí mi!

Mo gba iwájú ilé wa tuntun yẹn padà. Baba àgbàlagbà kan dúró níbẹ̀, ará ilé kan tí wọ́n ti ń bọ Ògún láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi bí ẹni máa sunkún. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ọmọ ìwòyí ṣì lè rántí. A jọ wọlé, wọ́n gbé obì sórí pèpéle wa, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Umọlẹ̀ wo rè é, ọmọ mi? Kí a lè mọ èèwọ̀ rẹ̀."

Ẹ gbà mí o! Mo ní bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe umọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni, ti oòrùn. Wọ́n gbójú sókè wo ihò òrùlé. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo ihò. Ẹ̀rín mú wọn débi pé wọ́n di ògiri mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ẹ so màrìwò, ẹ pa epo, éè sí umọlẹ̀ nínú ulé? Yẹ̀yẹ́ lẹ fi àwa ṣe ni." Wọ́n bá tiwọn lọ. Obì wọn wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í kó ohun tí àwọn bá ti gbé kalẹ̀.

Ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọpọlọ yẹn? Àwọn onígbàgbọ́ ń bínú, ẹni tó ń bọ Ògún náà ń bínú!

Ibi tí mo dúró sí ni mọ́tò Ọ̀gá ti bá mi. Òun àti Tọ́lá ni, wọ́n gbé kámẹ́rà dání, wọ́n fẹ́ ya ilé náà sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ wá dá iṣẹ́ wa lẹ́jọ́ tó dé lọ́jọ́bọ̀. Mo sáré bá a. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì títí dé orí obì.

Ó wọlé, ó rí obì.

Ẹ wò ó, inú ọkùnrin yìí dùn! Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú obì ọlọ́bì, ó ń yà á lápá ọ̀tún, ó ń yà á lápá òsì. Ó ní kí Tọ́lá sún sẹ́yìn kí òjìji ẹ̀ má baà bọ́ sí i. Ó ní ohun tí òun ń wá láti ọjọ́ yìí rè é, pé ilé náà ti ń bá ìlú sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká tú màrìwò yìí, ká yọ lẹ́tà yẹn, kí ẹ sì bá mi dé ilé Ìyá Ẹgbẹ́, kí ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ rán wa níṣẹ́. Wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀. Ó lórí ewú, ó ní mọ́tò, olùkọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kan ṣoṣo, màmá mi á rí ẹni bá wọn bó ẹ̀gẹ́.

Ó ní rárá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí ọjọ́bọ̀. Ó ní òun kì í gba ojúlé dé ojúlé ṣàlàyé ilé, pé ilé tó bá dára á gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ó ti sọ̀rọ̀ sà. Ó sọ fún gbogbo ìlú pé onírọ́ ni màmá mi."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní ó máa yé màmá mi nígbà tí wọ́n bá rí i nínú ìwé ìròyìn. Pé kí ni títí ọjọ́bọ̀ já mọ́?

Títí ọjọ́bọ̀! Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mò ń rí òkìtì ẹ̀gẹ́ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé wa. Mo kàn rí i pé ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Màrìwò ni mo kọ́kọ́ fà já. Lẹ́yìn náà mo gbé ọkọ́ sókè, mo dà á bo ògiri. Amọ̀ náà ò tíì gbẹ dénú, ó ń ya lulẹ̀ gìdìgìdì. Tọ́lá figbe ta. Ọ̀gá ń pariwo pé mo ti féèlì, pé mo ti féèlì lọ́jọ́ yìí. Mò ń lù ú lọ. Kò sì sún mọ́ mi, torí ọkọ́.

Ẹ má rò pé orí mi dàrú o. Èmi ni mo ya òpó ilé yẹn, mo mọ èyí tó gbé òrùlé dúró, mi ò fọwọ́ kàn án. Ògiri ojú títì ni mo lù dé ìbàdí, mo yípo, mo lu ti apá oko. Màmá mi sáré dé, wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, "Dúpẹ́!" Wọn ò ní kí n dúró. Oòrùn ti ń ya wọ inú ilé láti ibi tí mo ṣí.

Èrò ti pé sójú títì. Ìyá Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, Màmá Fẹ́mi náà ti jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹnì kan pariwo?

"Halelúyà!"

Wọ́n rò pé mo ti yí padà! Wọ́n rò pé òrìṣà ni mò ń fọ́! Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́!

Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn, ó ju ti Ọ̀gá lọ. Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo kọjú sí wọn. Mo ní kò sí òrìṣà kankan níbí, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ tí wọn ò fi àmì sí i. Mo pè é fún wọn bí olùkọ́: ì, mọ́, lẹ̀! Mo ní ibi tí ẹ máa jókòó sí bó ẹ̀gẹ́ ni. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nílé màmá mi, tí wọ́n ń bá yín gbé òkú yín sin, tí wọ́n ń bá yín gbọ́mọ pọ̀n, kò sí ẹnì kan nínú yín tó lè kan ilẹ̀kùn kó bi wọ́n léèrè? Páànù lẹ kà, ẹ gba páànù gbọ́!

Màmá Fẹ́mi ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Ẹgbẹ́ gba ibi tí mo ti lu ògiri wọlé. Wọ́n fìka kan epo orí pèpéle, wọ́n gbé e símú. Wọ́n gbójú sókè wo ihò òrùlé fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ùmọ́lẹ̀ oòrùn lásán?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Ẹgbẹ́ bá ní kí ẹnì kan lọ bá àwọn mú ọ̀bẹ wá. Wọ́n fìdí kalẹ̀ sórí ògiri tí mo ti lù wálẹ̀. Àwọn yòókù ń dé níkọ̀ọ̀kan, tàwọn ti ọ̀bẹ. Wọ́n ru ẹ̀gẹ́ wá síbẹ̀, wọ́n ń bó, wọ́n ń da èyí tó ti dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí wọ́n dà nù kò kéré. Ọ̀gá àti Tọ́lá ti bá tiwọn lọ nígbà yẹn, mi ò tiẹ̀ gbọ́ nígbà tí mọ́tò wọn ṣí.

Ṣé ẹnì kan bẹ màmá mi? Ẹnì kan ò bẹ̀ wọ́n! "Ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n ń kí wọn, bí ẹni pé àná ò ṣẹlẹ̀. Màmá mi ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Níbi àáró, àwọn ni wọ́n máa ń dá orin, ohùn wọn ló dùn jù láàárín wọn. Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Yèyé Dúpẹ́, dá orin fún wa." Màmá mi ò gbójú sókè. Wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn.

Ẹlòmíì ò sì dá a. Báyìí ni wọ́n ṣe bó gbogbo ẹ̀gẹ́ yẹn tán láìsí orin. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń gba ọ̀tún gba òsì wọlé, ó bá gbogbo wọn lójú, ó bá wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kó rí gan-an. Mo dúró sítòsí, mi ò lè gbádùn ẹ̀.

Fọ́tò tí Ọ̀gá yà kí n tó lu ògiri ni Tọ́lá àti àwọn yòókù nínú gúrúùpù fi gba máàkì. Máàkì tó pọ̀! Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú gúrúùpù, wọ́n ní màá tún stúdíò yẹn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀gá ti gbé fọ́tò obì yẹn sórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn tí wọn ò mọ ọ̀nà Ìdó-Ilé ń kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ó wọ àwọn lára. Ó wọ èmi náà lára!

Àwọn obìnrin ń lo ibẹ̀ fún àáró wọn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Màmá mi náà ń lọ tó bá kan ẹlòmíì, wọn ò jẹ́ jẹ àáró ẹnì kankan ní gbèsè. Ìyá Ẹgbẹ́ ti dá aṣọ ẹgbẹ́ padà fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká a sínú àpótí, wọn ò wọ̀ ọ́. Wọn ò sì tíì dá orin.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán ilé, kí ẹ tó máa sọ ibi tí oòrùn máa gbà wọlé, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ máa rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe àmì ohùn ní ọ̀ṣọ́, ẹ yéé fi èdè wa ṣe ọ̀ṣọ́ fún àwọn àlejò yín. Ẹ̀yin ará ilé mi, tí ẹ bá gbọ́ nǹkan nípa ẹni tí ẹ ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́, ilé rẹ̀ ò jìnnà. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn!

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ṣé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí yín lórí rí tí ẹ ò sọ, tàbí kí ẹni tí ẹ jọ ń jẹun dá yín lóhùn láti ojú fèrèsé? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀, màá ka gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún màmá mi.